Ta Ló Ti Wo Òwìwí Lójú Rí?

Bí òwìwí bá ké lórí òrùlé lóru, ọ̀pọ̀ nínú wa ò ní béèrè nǹkan kan mọ́. Ẹyẹ àjẹ́ ti dé nìyẹn. Ẹnì kan á bẹ̀rẹ̀ àdúrà, ẹlòmíì á wá òkúta. Bẹ́ẹ̀, eku ló ń wá kiri ní tiẹ̀. Ṣé ó tọ́ ká kórìíra ohun tá ò tíì wò dáadáa rí?

Lọ́dún 1946, Pablo Picasso, gbajúmọ̀ ayàwòrán nì, ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan nílùú Antibes, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí òwìwí kékeré kan tó fi ẹsẹ̀ ṣèṣe. Òun àti Françoise Gilot, tí wọ́n jọ ń gbé, di ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n ra ilé ẹyẹ fún un, wọ́n sì gbé e lọ sí ilé ìdáná wọn ní Paris. Gilot ròyìn rẹ̀ nínú ìwé tó ṣe jáde lọ́dún 1964. Eku nìkan ni ẹyẹ náà ń jẹ. Bí Picasso bá na ìka sí i, á gé e jẹ. Picasso náà á sì máa bú u. Nígbà tó yá, ẹyẹ yìí gbà kó máa họ òun lórí, ó sì ń bà lé e níka. Picasso ya òwìwí lórí àga, lẹ́yìn náà ó tún fi amọ̀ mọ ọ́n lóríṣiríṣi.

Kí ló ṣe tá ò ṣe? Ó wò ó pẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá wo òwìwí pẹ́ á rí i pé ẹyinjú rẹ̀ ò lè yí, ló ṣe ń yí ọrùn káàkiri. Etí ìyẹ́ rẹ̀ rọ̀, la ò fi ń gbọ́ fífò rẹ̀. Ohun tá à ń pè ní oògùn, bó ṣe ń rí oúnjẹ jẹ ni.

Ẹ lè ní ẹyẹ lásán ni, kí ló kàn wá? Ó kàn wá o! Bá a ṣe ń dá òwìwí lẹ́jọ́ la ṣe ń dá ìyá arúgbó àdúgbò lẹ́jọ́: ó ń dá gbé, ojú rẹ̀ pupa, kì í sùn lóru, ó tán, àjẹ́ ni. Àbí ta ló béèrè bóyá ẹsẹ̀ ló ń ro màmá tí ò jẹ́ kí wọ́n sùn?

Àmọ́, wíwò nìkan ò tó ṣá. Gilot ní inú ẹyẹ náà ò jọ pé ó dùn, kódà nígbà tó ti ń bà lé ìka. Picasso rí iṣẹ́ ọnà. Òwìwí rí ìwòsàn, ó sì tún rí àhámọ́. Ẹ̀tọ́ méjì la jẹ ẹni tá à ń bẹ̀rù: ká wò ó dáadáa, ká sì jẹ́ kó máa lọ ní àlàáfíà.

Nítorí náà, bó bá tún ké lálẹ́ òní, ẹ sọ òkúta yẹn sílẹ̀. Ẹ tan iná fóònù, kẹ́ ẹ yọjú wò ó.