Ta Ni Ó Ń Sinmi Ní Ọjọ́ Ìsinmi?

Ẹ̀yin ará, nígbà tí Mísà ọjọ́ Ìsinmi bá parí, tí a sì ti kí ara wa tán ní iwájú ilé Ọlọ́run, olúkúlùkù a máa gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Kì í pẹ́ tí ìró ọmọ odó yóò fi máa dún láti agbolé dé agbolé ní Ìlasà-Èkìtì àti ní àwọn ìlú tí ó yí wa ká. Ìró náà dùn ní etí ẹni tí ebi ń pa. Ọkùnrin a bọ́ agbádá rẹ̀, a jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀, a sì dúpẹ́ pé ọjọ́ ìsinmi dé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó di ọmọ odó mú ńkọ́? Ọjọ́ wo ni ti rẹ̀? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí ohun èlò kan tí ó ti wọ ilé ìdáná wa.

Ohun èlò náà ni ẹ̀rọ tí a fi ń gún iyán. Ilẹ̀ wa ni ó ń pèsè ohun tí ó ju ìdá mẹ́ta nínú márùn-ún lọ nínú gbogbo iṣu tí a ń wà ní ayé. Kò sì yani lẹ́nu pé ọmọ ilẹ̀ wa ni ó ro irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ní ìdajì àwọn ọdún 1970, Ọ̀mọ̀wé G. A. Mákanjúọlá, ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tí a ń pè ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ láti ọdún 1987, ṣe ẹ̀rọ kan tí ó ń sọ iṣu sísè di iyán. Nínú èyí tí a ń rà ní ọjà lónìí, iná mànàmáná ni ó ń yí abẹ inú abọ́ rẹ̀. Òmíràn tilẹ̀ wà tí ó ń se iṣu tí ó sì ń gún un. Ní ìṣẹ́jú díẹ̀, iyán ti dé.

Mo mọ ilé kan tí ọmọ tí ó wà ní Èkó ti fi ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀. Bàbá wò ó yí ká, ó ní nǹkan dáradára ni, ó sì ní kí wọ́n fi aṣọ bò ó kí eruku má bà á jẹ́. Abẹ́ aṣọ náà ni ó wà fún ohun tí ó tó ọdún méjì. Bàbá a máa wí pé iyán ẹ̀rọ kì í ṣe iyán, àti pé obìnrin tí ó bá kọ odó sílẹ̀ ti ya ọ̀lẹ. Ìyá kò jiyàn. Nígbà tí ó di ọjọ́ Ìsinmi kan, apá ìyá kọ̀, kò lè gbé e sókè mọ́. Kò sí ọmọ nílé. Bàbá gba ọmọ odó. Gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ti ròyìn rẹ̀ fún mi, kò tíì gún un dé ìdajì tí òógùn fi bò ó, iyán náà sì kún fún kókó. Àwọn méjèèjì jẹ ẹ́ láìsọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n wẹ ọwọ́ tán, ó bi ìyàwó rẹ̀ léèrè pé, “Ìyá ọmọ mi, apá rẹ yìí, láti ìgbà wo ni ó ti ń dùn ọ́?” Ìyá dáhùn pé, “Ó ti pẹ́, Bàbá.”

Ẹ̀yin ará mi, ó yẹ kí a ti bi ìbéèrè yẹn ní ọjọ́ tí ọmọ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ránṣẹ́.

Ǹjẹ́ ọ̀lẹ ha ni ẹni tí ó fi ẹ̀rọ ṣe iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ṣe? Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn iṣẹ́ yòókù. Ní ayé àtijọ́, orí ọlọ ni a ti ń lọ ata. Lónìí, a ń gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlẹ́rọ, kò sì sí ọkọ tí ó ń kọ ọbẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń rin ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ṣe gàrí. Àgbẹ̀ tí ó rí owó gba kátákátá láti fi kọ ebè, ọlọ́gbọ́n ni a ń pè é. Èéṣe tí ọgbọ́n oko fi di ìmẹ́lẹ́ nígbà tí ó dé ilé ìdáná? Ẹ̀rù ń bà mí pé ìdí rẹ̀ kò ju èyí lọ: ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, nítorí náà ìnira rẹ̀ kò wúwo lójú wa. Iṣẹ́ ní iyì, ṣùgbọ́n ìnira kò ní iyì kan tí ó dá ní fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì lè gbé e kúrò lórí ọmọnìkejì rẹ̀, tí kò gbé e, kò lè fi àṣà bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Síbẹ̀, kí a má ṣe rẹ́ ara wa jẹ. Òtítọ́ ni pé iyán odó ní adùn tirẹ̀. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ tí ara rẹ̀ sì le, kí ó dìde kí ó gún un. Òtítọ́ ni pẹ̀lú pé odó a máa kó ènìyàn jọ. Ìdí odó ni ọmọ púpọ̀ ti gbọ́ ìtàn ìdílé wọn, nígbà tí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá ń gún un pọ̀. Bí ẹ̀rọ bá gba odó lọ́wọ́ wa, ó yẹ kí a wá ibòmíràn tí a óò ti máa bá ara wa sọ̀rọ̀.

Ẹ̀rọ nìkan kò sì tó. Mo ti rí ilé tí ẹ̀rọ ti dé, tí ìsinmi kò dé: bí ìyá ti gún iyán tán kíákíá, wọ́n fi aṣọ fífọ̀ lé e lọ́wọ́. Mo ti rí ilé tí ọmọ ọ̀dọ̀ ń ṣe gbogbo iṣẹ́ nígbà tí àwọn ọmọ onílé ń ṣeré. Àwọn ilé mìíràn sì ń bẹ tí ohun ọ̀ṣọ́ tuntun kún inú yàrá àlejò, tí igi tútù ṣì ń rú èéfín ní ilé ìdáná. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2020, èéfín inú ilé ṣe ikú pa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.2 ènìyàn káàkiri ayé. Àwọn obìnrin àti ọmọdé tí ó ń wà ní ìdí ààrò ni ó ń fa èéfín náà jù lọ. Bàbá tí ó ní agbára láti ra sítóòfù gáàsì, tí ó sì kọ́kọ́ ra ohun ọ̀ṣọ́, kí ó lọ jókòó sí ìdí ààrò náà fún wákàtí kan.

Àwọn àgbà wí pé ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Ilé tí ó ní ẹ̀rọ àti ilé tí kò ní, ọ̀rọ̀ náà bá àwọn méjèèjì wí. Iná lè lọ, ẹ̀rọ lè bàjẹ́, owó rẹ̀ sì lè má sí rárá. Ṣùgbọ́n kò sí ilé tí ọwọ́ kejì kò ti lè ran ti àkọ́kọ́ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin kọ́ bí a ti ń bẹ iṣu. Ẹ jẹ́ kí bàbá pọn omi. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, kí á tó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ láti retí oúnjẹ, ẹ jẹ́ kí olúkúlùkù wa kọ́kọ́ yà sí ilé ìdáná, kí ó sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó bá níbẹ̀ bóyá apá ń dùn ún.