Òkété Ha Ń Yan Ibùgbé Rẹ̀ Bí?

Nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé nípa ẹranko, a máa ń sọ fún wọn pé ènìyàn nìkan ni ó lè yàn. Pé ohunkóhun tí ẹranko bá ṣe, ìwà àbímọ́ rẹ̀ ni ó mú un ṣe é. Àwa pàápàá ti sọ ọ́ títí ó fi mọ́ wa lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ihò òkété kan ní ẹ̀bá Kàbà ti mú kí ọ̀rọ̀ náà há wa lọ́fun.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn ọmọkùnrin kan fi ọkọ́ tú ihò náà, a sì dúró tì wọ́n. Ìdí igi ńlá ni ó wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gán tí ikán ti fi sílẹ̀. Gbòǹgbò igi gbé òrùlé rẹ̀ ró kí ó má ba à wó. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga díẹ̀, omi òjò kì í dúró síbẹ̀ bí ti àkùrọ̀ ìsàlẹ̀. Ìbòòji sì wà, nítorí òkété kò lè gba ooru púpọ̀ mọ́ra. Igi ọ̀pẹ kò jìnnà. Ẹnu ihò náà ju ọ̀kan lọ. Yàrá kan wà fún sísùn, òmíràn fún ẹkùrọ́ tí ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó wá pamọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé ní Kàbà kì yóò béèrè ju ìwọ̀nyí lọ, àfi bóyá ọ̀nà mọ́tò.

Bẹ́ẹ̀ ni badger ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí: ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ nínú igbó, níbi tí ilẹ̀ rọ̀ tí omi sì ń tètè fà, ni ó fẹ́ràn láti gbẹ́ ihò sí, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ a sì máa gbé inú rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní ọdún 1992 kò gbà kí ẹnikẹ́ni bà á jẹ́ láìgba àṣẹ.

Ẹlòmíràn lè wí pé ìbẹ̀rù ni ó yàn fún òkété, kì í ṣe òun tìkára rẹ̀. Ó dára. Kí ni ó yàn fún àwọn baba wa? Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Tápà ń kó àwọn ènìyàn Kàbà, Bùnú, Ìjùmú àti Yàgbà lẹ́rú, orí òkè àpáta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sá lọ tẹ̀dó sí, nítorí pé ẹṣin kò lè gun ibẹ̀. Omi jìnnà, oko jìnnà. Ní oṣù kìíní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ-ogun Royal Niger Company dé Kàbà, ogun Tápà sì ti kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn ará òkè ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ta ni yóò wí fún wa pé wọn kò yàn, nítorí pé ìbẹ̀rù wà nínú yíyàn wọn?

A mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà. Baba lè sọ ìdí rẹ̀ fún ọmọ, ó sì lè fi ibi dídára sílẹ̀ fún ẹlòmíràn, èyí tí a kò tíì rí kí òkété ṣe. Ṣùgbọ́n ìdí tí a kò fi ẹnu sọ, ìdí ha kọ́ ni bí? A kà á nínú ilẹ̀ lọ́jọ́ náà bí ẹni ń ka ìwé.

A kò sọ pé kí a má jẹ òkété. Àwa náà ń jẹ ẹ́, ọbẹ̀ rẹ̀ sì dùn. Ẹni tí ebi ń pa tí ó dẹ pàkúté, a kò bá a wí. Ṣùgbọ́n eré ni àwọn ọmọ wọ̀nyí fi ṣe, òkété sì ti gba ẹnu kejì sá lọ kí wọ́n tó dé yàrá rẹ̀. Wọ́n ń pín ẹkùrọ́ náà nígbà tí èyí tí ó kéré jù nínú wọn bi wá pé, “Tíṣà, níbo ni yóò sùn sí lónìí?” A ní kí wọ́n dá ẹkùrọ́ padà, kí wọ́n sì da yẹ̀pẹ̀ bo ibi tí wọ́n tú. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Títí òjò fi bẹ̀rẹ̀, a kò rí ipa ẹsẹ̀ tuntun lẹ́nu ihò náà.