Lẹ́yìn Iṣẹ́-Abẹ Ikùn: Ẹ Jẹ́ Kí Á Fún Ara Wa Lókun

Khútúbà Jímọ̀ láti ẹnu Náíbù Ìmáàmù, Ayéwà, ilẹ̀ Kàbà

KHÚTÚBÀ KÌÍNÍ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, Ẹni tí ó dá ara ènìyàn, tí ó sì mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ju oníṣègùn èyíkéyìí lọ. A ń yìn Ín, a ń wá ìrànlọ́wọ́ Rẹ̀, a sì ń tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Mo jẹ́rìí pé kò sí ẹni tí ìjọsìn tọ́ sí lẹ́yìn Rẹ̀, mo sì jẹ́rìí pé ẹrú Rẹ̀ àti òjíṣẹ́ Rẹ̀ ni Ànábì Muhammad. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti àwọn sàhábà rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó tọ ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ẹ̀san.

Ẹ̀yin ẹrú Ọlọ́run, mo ń gba ara mi níyànjú, mo sì ń gba ẹ̀yin náà níyànjú, pé kí á páyà Ọlọ́run. Ìpáyà Ọlọ́run kò mọ sí orí ẹní ìkírun. Ó wà nínú bí a ṣe ń wo ara ẹlòmíràn, ó sì wà nínú ohun tí ahọ́n wa ń sọ nípa rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bi tèmi. Láìpẹ́ yìí, a wà níbi ìsọmọlórúkọ kan. Èmi ni mo ṣe wàásù. Nígbà tí wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo rí arábìnrin wa kan tí ó jẹ ẹja díẹ̀, tí ó sì rọra ti àwo iyán sẹ́yìn. Maiki ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé ẹni tí ó bá ti ìlú ńlá dé kì í mọ adùn iyán ilé mọ́. Gbogbo ènìyàn rẹ́rìn-ín. Nítorí ọ̀wọ̀ tí ó ní fún láwàní orí mi, ó bu òkèlè méjì, ó gbé e mì. Kò pẹ́ tí ó fi dìde lọ sí ẹ̀yìn ilé, ó ń bì, ó ń làágùn, ó sì di ikùn mú.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ọkọ rẹ̀ wá bá mi nílé. Ó ní, “Alùfáà, ẹ má bínú sí ìyàwó mi. Oṣù kẹta rèé tí wọ́n gé àpòlúkù rẹ̀ kù.” Ẹ̀yin ará, èmi ni ó yẹ kí wọ́n bínú sí, síbẹ̀ òun ni ó wá bẹ̀ mí.

Mo lọ bẹ arábìnrin náà. Ó dárí jì mí, ó sì yọ̀ǹda pé kí n sọ ọ́ lórí mùńbárì yìí láìdárúkọ òun. Ohun tí ó sọ fún mi kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ó ní èébì ọjọ́ náà kò dun òun tó bí òun kò ṣe ní ẹnì kan ṣoṣo ní gbogbo agbègbè yìí tí òun lè sọ ọ́ fún, tí yóò sì yé. Ìdí nìyí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín.

Kí ni iṣẹ́-abẹ yìí? Ọ̀nà méjì ni wọ́n sábà máa ń gbà ṣe é. Nínú ọ̀kan, oníṣẹ́-abẹ yóò gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù kúrò, èyí tí ó kù yóò sì rí tóóró bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Nínú èkejì, yóò fi apá kékeré tí kò ju ẹyin adìyẹ lọ sílẹ̀, yóò sì so ó mọ́ ìfun, tí oúnjẹ kò fi ní gba ọ̀nà tí ó ń gbà tẹ́lẹ̀ mọ́. A kì í ṣe é nítorí ikùn tí ó yọ díẹ̀. Nínú ìlànà tí àwọn oníṣègùn ti ń lò tipẹ́, ẹni tí ó ga ní mítà 1.65 ní láti wọ̀n tó nǹkan bí 109 kílò kí wọ́n tó dá a lábàá, tàbí kí ó wọ̀n tó 95 kílò kí àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ní ọdún 2022, ẹnì kan nínú ènìyàn mẹ́jọ láyé ni ó ń gbé pẹ̀lú ìsanrajù. Nítorí náà, ẹ má pè é ní àìsàn àwọn olówó tàbí ti àwọn òyìnbó.

Àwọn kan yóò béèrè pé: ṣé èyí kì í ṣe yíyí ohun tí Ọlọ́run dá padà? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ní oṣù Keje ọdún 2007, àwọn onímọ̀ Fíqíhì láti orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí púpọ̀ pàdé ní Putrajaya, ní Malaysia, lábẹ́ àjọ Fíqíhì àgbáyé tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Jeddah. Wọ́n yọ̀ǹda pé kí ènìyàn dín ara rẹ̀ kù ní ọ̀nà tí ìmọ̀ ìṣègùn fọwọ́ sí, kódà nípasẹ̀ iṣẹ́-abẹ, bí sísanra náà bá ti di àìsàn, tí kò sí ọ̀nà mìíràn, tí ewu kò sì sí níbẹ̀. Ànábì pàápàá kọ́ wa pé kí á wá ìwòsàn, nítorí Ọlọ́run kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó ṣe é kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kò wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Òógùn tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ pọ̀ ju èyí tí ó ṣáájú rẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nǹkan olómi nìkan ni. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ tí a lọ̀ kúnná, kí ó tó kan èyí tí ó rọ̀. Bí ó bá wá tó àkókò oúnjẹ líle, ó ní láti jẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu dáadáa. Ẹ rántí pé àwa kì í jẹ òkèlè lẹ́nu, gbígbé ni à ń gbé e mì; ibẹ̀ ni iyán àti àmàlà ti di ìṣòro fún wọn. Wọn kò gbọdọ̀ máa mu omi pọ̀ mọ́ oúnjẹ. Ẹyin, ẹja, ẹran àti ẹ̀wà ni wọ́n ní láti kọ́kọ́ jẹ kí àyè tó kún. Bí wọ́n bá mu nǹkan dídùn, àyà wọn lè máa já, kí òòyì sì kọ́ wọn. Irun orí lè máa re láàrin oṣù kẹta sí oṣù kẹfà, àmọ́ ó máa ń padà hù. Wọn yóò lo fítámì, kálísíọ́ọ̀mù àti èròjà ẹ̀jẹ̀ títí ọjọ́ ayé wọn. Bẹ́ẹ̀, bí ara bá ti fọn tán, àwọn aládùúgbò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé àrùn búburú ni ó mú un.

Ọlọ́run kìlọ̀ fún wa nínú Súúrátùl Hújúráàtì pé kí ìjọ kan má ṣe fi ìjọ mìíràn ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ẹni tí a ń fi ṣe ẹlẹ́yà lè sàn ju ẹni tí ń ṣe ẹlẹ́yà lọ. Abdullahi ọmọ Masúúdù gun igi lọ́jọ́ kan, àwọn sàhábà rí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe tín-ín-rín tó, wọ́n sì rẹ́rìn-ín. Ànábì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn yóò wúwo lórí òṣùwọ̀n lọ́jọ́ ìdájọ́ ju òkè Úhúdù lọ. Ẹni tí ó sanra, a fi rẹ́rìn-ín. Ó fọn, a tún fi rẹ́rìn-ín. Irú ara wo gan-an ni a fẹ́ kí ó gbé wá kí ahọ́n wa tó sinmi?

Ẹ̀yin mùmíní, nígbà tí Ànábì dé Mẹ̀dínà, ó so Sálímáánù àti Àbú Dárúdáì pọ̀ bí ọmọ ìyá. Sálímáánù lọ kí i, ó rí i pé ìyàwó rẹ̀ kò tọ́jú ara mọ́. Ó béèrè ohun tí ó fà á. Ó gbọ́ pé Àbú Dárúdáì ń gba ààwẹ̀ lójoojúmọ́, ó sì ń kírun mọ́jú. Sálímáánù mú un jẹun lọ́sàn-án, ó sùn sí ilé rẹ̀, ó dá a padà sórí ibùsùn lóru títí ìparí òru fi dé, àwọn méjèèjì sì jọ dìde kírun. Ó wá kọ́ ọ pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, ará ilé rẹ̀ náà sì ní ẹ̀tọ́. Ànábì gbọ́, ó ní òtítọ́ ni Sálímáánù sọ.

Ẹnì kan lè sọ pé Sálímáánù náà fi oúnjẹ lọ ẹlòmíràn. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ wò, ó béèrè, ó mọ ohun tí ara náà ṣe aláìní, ó sì dúró di ilẹ̀ mọ́. Èmi kò béèrè kí n tó fi iyán lọ arábìnrin wa.

Irú Sálímáánù bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ti ṣe iṣẹ́-abẹ yìí ń fẹ́, ẹni tí ó dára jù lọ fún un sì ni ẹni tí ó ti gba ọ̀nà náà kọjá. Ọlọ́run ti bá arábìnrin wa rí ọ̀kan. Obìnrin kan ní ìlú mìíràn, tí ó ti ṣe tirẹ̀ ní ọdún méjì sẹ́yìn, ń pè é lórí fóònù ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Ajé. Nígbà tí irun rẹ̀ ń re, obìnrin yìí ni ó sọ fún un pé tòun náà re, ó sì ti padà hù. Dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀ fún un tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí ni ọkàn rẹ̀ tó balẹ̀.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, ẹ jẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ yín ní ìlànà. Ẹ má fi kílò ẹnì kan wọn ẹlòmíràn, nítorí ara kò dọ́gba. Bí ara bá tún ń pọ̀ padà lẹ́yìn ọdún bíi méjì, ẹ má fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, ìtọ́jú sì wà fún un. Ẹ rán ara yín létí oògùn àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-ìwòsàn tí ó ṣe iṣẹ́-abẹ náà ní láti tọ aláìsàn lẹ́yìn fún ọdún méjì ó kéré tán, lẹ́yìn náà àyẹ̀wò ọdọọdún ni títí láé. Àwa ńkọ́? Èkó tàbí Àbújá ni wọ́n ti sábà máa ń ṣe é, aláìsàn á sì padà wálé sí ìbí yìí, ọ̀nà á jìn. Ẹ̀yin ni ẹ wà nítòsí ara yín.

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ ara yín di dókítà. Bí ẹnì kan bá ń bì láìdúró, bí ikùn bá ń dùn ún gidigidi, bí ibà bá mú un, tàbí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń kú tipiri, ẹ má ṣe fún un ní àgbo. Ẹ gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn kíá. Ẹ má sì ra oògùn ara ríro bíi ibuprofen fún un ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí ó lè dá ọgbẹ́ sí ikùn tí a ti gé.

Mo sọ ọ̀rọ̀ mi yìí, mo sì ń tọrọ àforíjìn Ọlọ́run fún èmi àti ẹ̀yin. Ẹ tọrọ àforíjìn Rẹ̀. Aláforíjìn, Aláàánú ni.

KHÚTÚBÀ KEJÌ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ìkẹ́ àti ọlà kí ó máa bá Òjíṣẹ́ Rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ní ọdún 2013, Ọba Abdullah ti Saudi Arabia pàṣẹ kí wọ́n gbé ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Khalid Shaari, láti Jazan lọ sí Riyadh. Ó wọ̀n 610 kílò, kò sì lè dìde lórí ibùsùn. Wọ́n ṣe iṣẹ́-abẹ fún un, wọ́n wọn oúnjẹ rẹ̀, wọ́n kọ́ ọ láti rìn padà. Ohun tí ó kúrò lára rẹ̀ lé ní 500 kílò. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó gbé e dìde. A kò ní ọba tí yóò rán bàálù wá sí Ayéwà, ṣùgbọ́n a ní ara wa, ọwọ́ kan kò sì gbé igbá dé orí. Ọlọ́run sì pa á láṣẹ nínú Súúrátùl Máídà pé kí á máa ran ara wa lọ́wọ́ lórí dáadáa àti ìpáyà Rẹ̀.

Ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ jamáà. Èkíní, níbi ìsọmọlórúkọ, yìgì tàbí fìdáù, bí ẹnì kan bá ní ó tó, kí ó tó. Ẹ má bínú, ẹ má sì béèrè ìdí ní gbangba. Èkejì, ẹ fi ọ̀rọ̀ ara ẹlòmíràn sílẹ̀, ì báà sanra, ì báà fọn. Ẹ̀kẹta, ẹni tí ó bá ti ṣe iṣẹ́-abẹ yìí, tí ó sì fẹ́ mọ ẹlòmíràn tí ó ti ṣe é, kí ó wá bá mi tàbí kí ó bá Àmírà wa sọ̀rọ̀. A ó so yín pọ̀ bí ẹ̀yin méjèèjì bá fọwọ́ sí i. Àmánà ni, kò ní jáde lẹ́nu wa.

Ní ti ààwẹ̀ Ràmàdáánì, ẹni tí iṣẹ́-abẹ rẹ̀ ṣì jẹ́ tuntun kò gbọdọ̀ dá a gbà láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà, nítorí kíkéré ni omi tí ó lè mu lẹ́ẹ̀kan, òùngbẹ sì lè pa á lára. Ọlọ́run yọ̀ǹda fún aláìsàn pé kí ó san án ní ọjọ́ mìíràn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú burúkú wò ó bí ó bá ń mu omi lọ́sàn-án.

Ìkíni wa ní ilẹ̀ yìí ni “Okun”. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, okun ni à ń fẹ́ fún ara wa. Àwọn àgbà sì sọ pé okun inú ni a fi ń gbé ti òde. Bí o bá kí arákùnrin rẹ ní okun, má tún fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ gba okun náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ Ọlọ́run wa, fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn. Àwọn tí wọ́n ti gba abẹ nítorí ìlera, jẹ́ kí ara wọn gba á, fún wọn ní súúrù lórí oúnjẹ kékeré, sì fi ìbùkún sínú rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń dá jìyà, fún wọn ní ẹni tí yóò yé. Dárí ẹ̀fẹ̀ wa tí ó dun ọmọlàkejì jì wá. Fi ọ̀wọ̀ ara wa sí ọkàn wa, sì fi àlááfíà sí ilẹ̀ Okun àti gbogbo Nàìjíríà. Àmín.

Ẹ dìde, kí á kírun.