Wọ́n Ní Ọwọ́ Ìyá Rẹ̀ Ni

Ní ọjà Atákúnmọ́sà, ní Iléṣà, ìyá àgbàlagbà kan pàtẹ tòmátì kéékèèké sórí ewé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn apẹ̀rẹ̀ ńláńlá tí ọkọ̀ gbé wá láti òkè Ọya. Tirẹ̀ kò dán. Ara rẹ̀ rí kókó-kókó, bíi pé ẹnìkan fi òwú dì í láti orí dé ìdí. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ọjà o, ìyá. Níbo lẹ ti rí irúgbìn tòmátì yìí?"

"Ọwọ́ ìyá mi ni."

"Ìyá yín náà ńkọ́?"

"Ọwọ́ ìyá tiẹ̀."

"Ta ló wá fún ìyẹn?"

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ jẹ tòmátì ni, àbí o fẹ́ fi ṣaya? Ṣebí ẹni tó fẹ́ gbéyàwó ló ń wádìí ìdílé."

Àwọn ará ìsọ̀ rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì ra igbá kan. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama kí n tó fẹ̀yìn tì, n kì í sì í lè gbin nǹkan láìbi í léèrè ibi tó ti wá. Kí tilẹ̀ ni ènìyàn lè mọ̀ nípa ibi tí nǹkan ti ṣẹ̀?

Ẹni tó bá fẹ́ gba irúgbìn tòmátì sílẹ̀, èyí tó pọ́n dáadáa lórí igi tó so dáadáa ni yóò mú, kì í ṣe èyí tó ṣẹ́ kù lórí àtẹ. Yóò fún kóró rẹ̀ sínú omi, yóò fi í sílẹ̀ títí yóò fi kan, tí ohun yíyọ̀ tó bo kóró náà yóò fi bọ́. Yóò ṣàn án, yóò sá a. Tó bá gbẹ, yóò fi eérú pò ó, yóò sì so ó rọ̀ sókè ààrò kí èéfín máa fẹ́ sí i. Kóró tí wọ́n bá tọ́jú báyìí lè hù lẹ́yìn ọdún mẹ́rin. Tòmátì sì ní ìwà kan tó ràn wá lọ́wọ́: akọ àti abo wà nínú òdòdó kan náà, òdòdó ọ̀hún a sì máa fi lẹ́búlẹ́bú ara rẹ̀ gba oyún. Àfi ọjọ́ tí oyin bá gbé ti igi mìíràn wá, ọmọ yóò jọ ìyá ní gbogbo ọ̀nà. Ara tòmátì kì í gbàgbé. Ìtàn ni kì í rántí.

Wọ́n ń pè é ní tòmátì ìbílẹ̀. Ìbílẹ̀ ibo? Baba ńlá rẹ̀, tí èso rẹ̀ kò ju hóró ẹ̀wà ńlá lọ, ṣì ń lalẹ̀ hù ní Peru àti Ecuador. Àwọn ará Mẹ́síkò ló tọ́ ọ di ohun ọbẹ̀. Ní 1544, Mattioli, oníṣègùn ará Ítálì, kọ ọ́ sínú ìwé. Kó tó dé ìkòkò wa, ó ti gba ọwọ́ tó pọ̀ ju ti ìyá mẹ́ta lọ. Kódà kòkòrò Tuta absoluta, tó run oko tòmátì ní Kàdúná ní 2016 títí ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi kéde pàjáwìrì, Gúúsù Amẹ́ríkà kan náà ló ti wá. Ọ̀tá mọ ìdílé ẹ̀ jù wá lọ.

Ní 1990, lẹ́tà kan dé ọwọ́ Craig LeHoullier, ẹnìkan tó ń gbin tòmátì ní Amẹ́ríkà, láti ìpínlẹ̀ Tennessee. Kóró tòmátì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àlàyé pé wọ́n ní ọwọ́ àwọn ará Cherokee, onílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni irúgbìn náà ti wá, ní bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Ó gbìn ín, èso rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì sọ ọ́ ní Cherokee Purple. Òkìkí rẹ̀ ti kàn jìnnà báyìí. Ẹ wò ó dáadáa: "wọ́n ní" wà nínú lẹ́tà, kò sí nínú orúkọ. Orúkọ ti gbé e mì.

Barry Hallen àti Ọlúbí Ṣódípọ̀, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn wa láti bi wọ́n léèrè ohun tí ìmọ̀ jẹ́; ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ jáde ní 1986. Èsì àwọn àgbà náà le: ohun tí o fi ojú ara rẹ rí, tí ọkàn rẹ sì jẹ́rìí sí, ìyẹn lo mọ̀. Èyí tí wọ́n sọ fún ọ, tàbí tí o kà, o gbà á gbọ́ ni, títí o ó fi dán an wò. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, èmi tí mo ń ròyìn Peru kò mọ nǹkan kan. Ìyá ọlọ́jà ló mọ̀, torí ó rí ọwọ́ ìyá rẹ̀.

Ẹ lè ní kí n gbé e lọ fún àyẹ̀wò. Ní 2012 àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ka àbùdá tòmátì tán, wọ́n bá jíìnì bí 35,000 níbẹ̀. Heinz 1706 ni èyí tí wọ́n kà, tòmátì inú agolo! Irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ lè sọ ẹni tí tòmátì Iléṣà bá tan. Kò lè sọ ìyá tó da kóró rẹ̀ sínú eérú, tàbí ìdí tó fi mú èso kan tó fi òmíràn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ yíyàn yẹn ló sọ ọ́ di ohun tó dà.

Ní ilé wa ní Ìbòkun, Yétúndé méjì ló wà. Ẹ̀gbọ́n mi bí ọ̀kan, àbúrò mi bí èkejì, lọ́dún kan náà tí ìyá wa àgbà papò dà. Èwo ni ìyá? Pásítọ̀ wa ní kò sí èyí tó jẹ́ òun, pé orúkọ lásán ni. Bọ́lájí Ìdòwú, tí òun náà jẹ́ àlùfáà, kò kánjú bẹ́ẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, tó jáde ní 1962: ó rí i pé Yorùbá gbà pé òkú ṣì wà lọ́run tó ń gbọ́ wa, síbẹ̀ tó tún ń yà lára ọmọ púpọ̀. Àwọn kan ní ọ̀rọ̀ náà tako ara rẹ̀. Ẹni tó bá ti fún tòmátì rí kò ní bá wọn pariwo: èso kan, kóró rẹpẹtẹ, èwo nínú wọn ni kì í ṣe òun? Ohun tí mo fẹ́ràn nínú Yétúndé ni pé ìgbàgbọ́ ni, ó sì mọ ara rẹ̀ ní ìgbàgbọ́. A ń kí ọmọ náà ní ìyá, a ń bá a ṣeré, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kó ìwé ilẹ̀ ìyá àgbà lé e lọ́wọ́.

Òṣogbo tí mo ń gbé ńkọ́? Wọ́n ní Láròóyè àti Tìmẹ́yìn ọdẹ kó ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé-Ọ̀mu, nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, nígbà tí omi wọ́n wọn, títí wọ́n fi dé etí odò Ọ̀ṣun. Irúgbìn Ìjẹ̀ṣà ni ìlú náà nígbà náà. Ọ̀yọ́-Ilé wá tú, àwọn ará ibẹ̀ rọ́ wọ Òṣogbo, àwọn Ìbàdàn sì ṣẹ́gun Ìlọrin níbẹ̀ ní nǹkan bí 1840. Ohùn tí ẹ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ Òṣogbo lónìí, ti Ọ̀yọ́ ló jọ jù.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilé mi. Mo gbin tòmátì ìyá ọlọ́jà sí ẹ̀gbẹ́ irú tòmátì tí wọ́n ń pè ní Roma, mo gba kóró sílẹ̀. Nígbà tí mo tún un gbìn, igi kan yàtọ̀. Èso rẹ̀ gùn díẹ̀, ara rẹ̀ dán. Ìyàwó mi ní kí n fà á tu. N kò fà á tu. A sè é, ó dùn. Ṣùgbọ́n n kò da kóró rẹ̀ mọ́ ti ìyá. Ìlú kì í ṣe oko, kò sì sí ẹni tó láṣẹ láti yọ ènìyàn nínú ìlú nítorí ẹni tó bí i. Kóró tí mo bá fún ẹlòmíràn lórúkọ ẹnìkan, ẹ̀rí ni mo ń jẹ́ fún onítọ̀hún. Ọmọ mi, tó ń bá mi tà á lórí fóònù, fẹ́ kí n kọ "Ojúlówó Ìjẹ̀ṣà" sára àpò ìwé rẹ̀. Ó ní "wọ́n ní" tí mo ń kọ sí i ń lé oníbàárà. Ó ṣeé ṣe kó máa lé wọn. Mo ṣì ń kọ ọ́.

Igi tó yàtọ̀ yẹn ní àpò ìwé tirẹ̀. Ìyá rẹ̀ mo mọ̀, torí ọwọ́ mi ni mo fi gba kóró lára rẹ̀. Bàbá rẹ̀, mo gbà gbọ́ pé Roma ni.