Ta Ló Jẹ Ta Ní Gbèsè?

Gbólóhùn kan péré ni mo pariwo lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n títí di òní, n kò tíì rí i gbé mì padà. Pápá ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìkun-Àkókó ni ó ti ṣẹlẹ̀, ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan tí àwọn ọmọbìnrin ikọ̀ fọ́líbọ́ọ̀lù wa ń figagbága pẹ̀lú ilé ẹ̀kọ́ kan láti Ọ̀kà. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, wọ́n ti na ilé ẹ̀kọ́ kan láti Ìkàrẹ́ tí gbogbo wa ń bẹ̀rù. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn ẹ̀wẹ̀, ikọ̀ kan tí a kò kà sí rárá ló lù wọ́n bí ẹní lu bàrà. Bí sáà náà ṣe rí láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: bí òní bá dùn bí oyin, ọ̀la a korò bí ewúro. Bí a bá ti ń lọ sí pápá, a kì í mọ èyí tí a fẹ́ bá níbẹ̀, ikọ̀ tó mọ̀ ọ́n gbá ni tàbí ikọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ fọ́líbọ́ọ̀lù mọ̀ pé ikọ̀ tó bá kọ́kọ́ gba abala mẹ́ta ló borí. Àmì 25 ni wọ́n ń lé ní abala mẹ́rin àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n bí eré bá di abala karùn-ún, àmì 15 péré ni, àṣìṣe kò sì láyè mọ́. Ẹ tún mọ̀ pé yíyípo ni àwọn eléré máa ń yípo, tó fi jẹ́ pé bí ó bá kan ènìyàn láti gbá bọ́ọ̀lù kọjá àwọ̀n, kò sí ẹni tó lè bá a gbá a. Eré náà di 14 sí 13, àwọn àlejò wa ló wà níwájú. Ọmọ kíláàsì mi kan, tí a jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, ló kàn.

Bọ́ọ̀lù náà kọ lu àwọ̀n, ó sì já bọ́ sí ọ̀dọ̀ wa. Eré parí. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, mo ti lọgun: "Ṣé ọwọ́ rẹ ti rọ ni?" Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbà á lẹ́nu mi, kí n sì tó ṣẹ́jú, gbogbo ọ̀dọ̀ wa ti sọ ọ́ di orin. Ọmọ náà dúró sójú kan, ó ń wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, ó kó ìwé rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì wa, ó lọ jókòó sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, kò gbá fọ́líbọ́ọ̀lù fún ilé ẹ̀kọ́ wa mọ́.

Mo ti ń rò ó láti ìgbà náà pé irú ìbínú wo ló bí mi. Kì í ṣe ìbínú ẹni tí wọ́n lù, nítorí kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn mí. Ìbínú ẹni tí wọ́n jẹ lówó tí wọn kò san ni. Mo gbà lọ́kàn mi pé àwọn ọmọbìnrin náà jẹ mí ní ìṣẹ́gun kan, pé ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n ló sì sọ pé òun kò ní san án. Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi gbogbo wa, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí, ni pé: láàárín ikọ̀ àti àwọn tó fẹ́ràn wọn, ta ló jẹ ta ní gbèsè?

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní pápá kékeré tiwa, kí a wo ikọ̀ tí gbogbo Nàìjíríà jọ ní, ìyẹn Super Falcons, ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù obìnrin wa. Ikọ̀ yìí ti kópa nínú gbogbo Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn obìnrin láti ọdún 1991 tó ti bẹ̀rẹ̀ títí di 2023. Síbẹ̀, bí wọ́n ṣe ń mú inú wa dùn ni wọ́n ń mú orí fọ́ wa. Ní ọdún 2023, wọ́n fi àmì ayò 3 sí 2 na Australia lórí ilẹ̀ Australia gan-an. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, wọn kò rí góòlù kan jẹ lọ́wọ́ Ireland. Nígbà tó di ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ, wọ́n bá England gbá òmìnì, 0 sí 0, ó sì di wò-mí-n-gbá-a-sí-ọ.

Òwúrọ̀ ni lọ́dọ̀ wa níbí. Ọ̀pọ̀ wa péjọ sí yàrá aládùúgbò wa kan tó ní ẹ̀rọ amúnáwá. Desire Oparanozie gbá tirẹ̀, kò wọlé. Michelle Alozie gbá tirẹ̀, ó fò kọjá lórí òpó. England fi 4 sí 2 borí. Èébú tó tú jáde nínú yàrá yẹn kò ṣeé kọ sínú àròkọ. Ẹnìkan ní kí wọ́n má jẹ́ kí Alozie wọ aṣọ Nàìjíríà mọ́ láéláé. N kò dá a lẹ́kun. Mo mi orí sí i.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n lọ sí ìdíje Olympics ní Paris. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n gbá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n sì fìdí rẹmi: Brazil, Spain àti Japan ló nà wọ́n. Lẹ́yìn náà ni oṣù keje ọdún 2025 dé, ìdíje ilẹ̀ Áfíríkà ní Morocco. Nígbà tí eré ku díẹ̀ kó parí láàárín àwa àti South Africa, tó ṣì jẹ́ 1 sí 1, ẹnìkan gbá bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn, ó sì wọlé. Ta ni? Michelle Alozie ni. Ní ọjọ́ 26 oṣù náà, Morocco ti gbá góòlù méjì wọlé kó tó di ìsinmi ìlàjì eré, ṣùgbọ́n Esther Okoronkwo, Folashade Ijamilusi àti Jennifer Echegini dá mẹ́ta padà. Ife ẹ̀yẹ kẹwàá nìyẹn.

A jó lóru ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí a ti ń jó, mo wo ojú àwọn tó wà níbẹ̀, mo sì rí i pé àwọn tó bú Alozie ní ọdún méjì sẹ́yìn ni wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ báyìí bí ẹni tó jẹ́ ọmọ ìyá wọn. Kò sí ẹni tó rántí ohun tó sọ. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni kì í rántí; ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí kò jẹ́ gbàgbé. Bí a bá tẹ̀ lé ohun tí a sọ lọ́jọ́ kìíní ni, kì bá tí sí lórí pápá lọ́jọ́ kejì.

Ìbínú olólùfẹ́ sì lè ṣe ju èébú lọ. Ní ọdún 1994, Andrés Escobar, ọmọ orílẹ̀-èdè Colombia, ṣèèṣì gbá bọ́ọ̀lù sínú ilé ara wọn nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé tó wáyé ní Amẹ́ríkà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n yìnbọn pa á ní Medellín, ìlú rẹ̀. Mo mọ̀ pé ariwo tèmi kì í ṣe ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbà pé wọ́n jẹ òun ní ìṣẹ́gun ti fi ẹsẹ̀ lé ọ̀nà kan náà, bí kò tilẹ̀ rìn ín jìnnà.

Àbúrò bàbá mi kò gbà fún mi nígbà tí mo sọ èyí fún un. Awakọ̀ ni wọ́n, láti Ìkàrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń ná. Wọ́n ní, "Bí mo bá ń wa ìwàkuwà, ṣé kí èrò máa pàtẹ́wọ́ fún mi ni? Ariwo tí èrò ń pa ló ń jẹ́ kí n rọra." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ikọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè yóò sùn lọ. Mo tún gbọ́ èyí tó burú jù ú lọ lẹ́nu ìyá àgbà kan ládùúgbò wa, tó fẹ́ fi bẹ̀ wá pé kí a má bínú sí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ wa. Wọ́n ní, "Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, kí lẹ tilẹ̀ ń retí lọ́wọ́ ọmọbìnrin?" Àánú ni wọ́n pè é, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èmi ni mo wà lórí pápá, ó dára kí wọ́n bínú sí mi ju kí wọ́n má retí ohunkóhun lọ́wọ́ mi lọ. Ẹni tó ń bínú ṣì gbà pé mo lè ṣe é.

Nítorí náà, n kò sọ pé kí olólùfẹ́ pa ẹnu mọ́. Ohun tí mo sọ fún àbúrò bàbá mi ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí èrò bá pariwo, eré tí ẹ ń sá ni wọ́n ń bá wí, wọn kì í sọ pé ọwọ́ yín ti rọ. Bí ó bá sì jẹ́ pé bíréèkì ló bàjẹ́ tí ẹni tó ni ọkọ̀ kò fún yín lówó láti tún un ṣe ńkọ́, ta ló yẹ kí wọ́n pariwo mọ́?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ẹni tó ni ọkọ̀ kì í sí nínú ọkọ̀ láti gbọ́.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, lẹ́yìn tí Super Falcons gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà ní Cameroon, wọ́n kọ̀ láti kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì wọn ní Àbújá, wọ́n sì wọ́de lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, nítorí wọn kò tíì rí owó wọn gbà. Ní ọdún 2022, ọ̀rọ̀ owó náà ló mú kí wọ́n kọ̀ láti ṣe ìgbáradì kan kó tó di ọjọ́ tí wọ́n bá Zambia gbá fún ipò kẹta. Wọ́n pàdánù eré náà. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ni a bú. Àwọn àgbà ti sọ pé a kì í fi oníjà sílẹ̀ kí a gbájú mọ́ alápepe, ṣùgbọ́n ohun tí à ń ṣe ní gbogbo ìgbà nìyẹn, torí pé ẹni tó wà lórí pápá ni ojú wa ń rí.

Èmi náà kò rí ju pápá lọ. Lẹ́yìn tí ọmọ kíláàsì mi kúrò nínú ikọ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò, pé owó oúnjẹ ọ̀sán wọn ni wọ́n dá láti rà á, pé okùn ni wọ́n fi ń so ojú àwọ̀n tó ti já. Mo ka ohun tí èmi fún wọn ní gbogbo sáà: n kò dá kọ́bọ̀, n kò dé ibi ìgbáradì wọn lẹ́ẹ̀kan. Ariwo nìkan ni mo fún wọn. Ẹni tí kò yá ènìyàn lówó kò lè wá sin gbèsè lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

Ibi tí mo bá a dé nìyí. Ohun tí kò sí lọ́wọ́ ènìyàn, kò lè jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ìṣẹ́gun kò sí lọ́wọ́ ikọ̀ kankan, nítorí pé àwọn tó wà lódìkejì àwọ̀n náà ṣe ìgbáradì tiwọn, wọ́n sì ní ìyá tó ń gbàdúrà fún wọn. Ohun tí ikọ̀ jẹ wá ni ìgbìyànjú àti òtítọ́: kí wọ́n wá síbi ìgbáradì, kí wọ́n má ṣe ìmẹ́lẹ́, kí wọ́n má ta eré. Bí wọn kò bá ṣe ìwọ̀nyí, a lẹ́tọ̀ọ́ láti bi wọ́n. Ohun tí àwa náà jẹ wọ́n ni kí a wà níbẹ̀ nígbà tí kò dùn, kí a sọ òótọ́ nípa eré láìfi ọwọ́ kan ẹni tó ń gbá a, kí a sì gbé ìbínú wa lọ sí ẹnu ọ̀nà ẹni tó tọ́ sí. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì nìkan ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé wá sí pápá.

Mo ti lọ bẹ ọmọ kíláàsì mi. Ó ní, "Mo ti gbọ́," kò sì fi nǹkan kan kún un. Ẹyin lohùn, èyí tí mo jù sílẹ̀ ti fọ́. Kíláàsì wa dá owó, a ra bọ́ọ̀lù kejì fún ikọ̀, a sì kọ lẹ́tà sí àwọn àgbà ilé ẹ̀kọ́ nípa àwọ̀n. A kò tíì rí àwọ̀n tuntun, a ó tún kọ òmíràn. Ní ọjọ́ ìgbáradì, èmi ni mo ń sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù tó bá jáde, torí pé pápá wa dà gẹ̀rẹ́, bọ́ọ̀lù a sì máa yí lọ sí ẹsẹ̀ àpáta.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bọ́ọ̀lù kan yí lọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, òun ló ti gbé e. Ó mú un lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wo àwọn tó wà lórí pápá, ó sì jù ú sí mi. Kò sọ̀rọ̀. Èmi náà kò sọ̀rọ̀. Mo gbé bọ́ọ̀lù padà fún àwọn tó ń gbá a. Gbèsè náà ṣì wà lọ́rùn mi, díẹ̀díẹ̀ ni mo sì ń san án.