"Ìwọ" Tàbí "Ẹ̀yin": Lórí Àròkọ Kan Tí Ó Bá Àlejò Wí

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí jọ gbé yẹ̀wò: bí ohun tí ènìyàn ń sọ bá jẹ́ òtítọ́, ǹjẹ́ ó tọ́ kí ó fi ìtìjú mú ẹni tí ń gbọ́ ọ títí yóò fi gbà? Ìwé tí ó gbé ìbéèrè náà kò mí lójú ni A Small Place, ìwé kékeré tí Jamaica Kincaid, ọmọ erékùṣù Áńtígùà, tẹ̀ jáde ní 1988. Apá kìn-ín-ní rẹ̀ dá lórí ìwà àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ tí ń wá yáàrùn ní ìlú rẹ̀.

Obìnrin yìí kò wí pé báyìí ni àwọn àlejò ń ṣe. Òǹkàwé fúnra rẹ̀ ni ó sọ di àlejò. Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ nílé rẹ̀, tí kò rìn dé Àgbádárìgì rí, yóò rí i pé òun ti sọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú, òun ti wọ takisí, ẹjọ́ òun sì ti bẹ̀rẹ̀. Inú rẹ̀ á dùn sí oòrùn tí kì í wọ̀ọ̀kùn. A ó rán an létí pé ọ̀dá ni oòrùn yẹn ń dá fún onílé. Á fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ nínú òkun. A ó ní kí ó ro ibi tí ìgbẹ́ tí òun yà láàárọ̀ gbà lọ, nítorí ìlú náà kò ní ètò ìdọ̀tí tí ó dára. Ilé ìkàwé tí ilẹ̀ ríri bàjẹ́ ní 1974 sì wà níbẹ̀, tí a kò tíì tún ṣe nígbà tí ó ń kọ̀wé.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ràn án lọ́wọ́, nítorí ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe ọmọdé àti àgbà. Bí àwa bá fẹ́ tú u ńkọ́? Bí a bá wí pé "ẹ̀yin," ọ̀wọ̀ bo ẹ̀gàn mọ́lẹ̀. Bí a bá wí pé "ìwọ," ìjà dé kí a tó kí àlejò káàbọ̀. Ní tèmi, "ẹ̀yin" ni ǹ bá fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ohùn onílé tí ń mú àlejò káàkiri ni òun náà fi bẹ̀rẹ̀. Bí a bá dé etí òkun, ǹ bá sọ ọ́ di "ìwọ."

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí àrọwà náà ti fò. Àlejò kọ́ ni ó dá ọ̀dá sílẹ̀, òun kọ́ ni ó sì kọ̀ láti tún ilé ìkàwé ṣe. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni pé kò rí i. Àwọn àgbà wa ní àlejò lójú, kò fi ríran. Wọn kò tìtorí èyí pè é ní ènìyàn burúkú. Kincaid pè é ní òbùrẹ́wà. Ọ̀nà jìn láti àìrí dé ìwà burúkú, "ìwọ" yẹn ni ó sì gbé wa fò ó kí a tó fura. Ohun tí ó gbà á lọ́wọ́ mi ni òpin apá náà, níbi tí ó ti gbà pé onílé náà ìbá fẹ́ rìnrìn-àjò bí ó bá rówó. Níbẹ̀ ni ẹ̀bi ti kúrò lórí ìwà, tí ó bọ́ sórí owó.

Ẹ jẹ́ kí a gbé e wá sí Alímọ̀ṣọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àlejò òkè òkun ti ń wá sí Ìkòtún, kì í ṣe fún oòrùn bí kò ṣe fún ìwòsàn, ní ìjọ Synagogue Church of All Nations tí T. B. Joshua, tí ó kú ní 2021, dá sílẹ̀. Ilé ìtura pọ̀ nítorí wọn, olóúnjẹ tà. Ọmọ Ìkòtún kan ìbá kọ irú àròkọ yìí sí wọn, nípa ọ̀nà wa àti omi kànga wa, yóò sì dùn ún kà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2014, ilé àlejò ìjọ náà wó, ènìyàn tí ó lé ní 110 kú, ará Gúúsù Áfíríkà ni ó pọ̀ jù. Ní 2015, adájọ́ tí ó wádìí ikú wọn ní àbùkù ìkọ́lé ni ó wó o. Èwo nínú wọn ni a ó wí fún pé "ìwọ tí o kò rí"? Àwa tí à ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà lójoojúmọ́ ńkọ́?

Ta tilẹ̀ ni onílé? Àwọn Àwórì ni ó ni ilẹ̀. Àlejò ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń gbé Ìkòtún àti Ìgàńdó lónìí, a kò sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń pọn omi nígbà tí à ń ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn.