Ẹ̀kán Omi Nísàlẹ̀ Ife

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló pè mí. "Wá bá mi bá ọmọ rẹ sọ̀rọ̀ o. Ó ní òun fẹ́ lọ máa fi bàálù kó òyìnbó káàkiri àárín erin." Àwàdà ni mo pè é, àfi ìgbà tí mo dé ilé wọn ní Mọ́níyà tí ọmọ náà tẹ́ ìwé méjì síwájú mi lórí tábìlì. Ìwé kìn-ín-ní wá láti ilé-iṣẹ́ bàálù kan ní Maun, ìlú kan ní ìhà àríwá-ìwọ̀-oòrùn Botswana. Èkejì wá láti ilẹ̀ Éṣíà, lẹ́tà aláwọ̀ mèremère tí àwòrán jẹ́ẹ̀tì ńlá wà lórí rẹ̀.

Ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ ni. Zaria ló ti kọ́ṣẹ́, ní ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964, níbi tí ọ̀pọ̀ awakọ̀ òfuurufú orílẹ̀-èdè yìí ti jáde. Ó ti fò fún wákàtí 203. Ìyẹn tó láti máa fi bàálù ṣiṣẹ́ owó, ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tó ga jù, èyí tí ọ̀gá ọkọ̀ ńlá gbọ́dọ̀ ní, wákàtí 1,500 ni wọ́n ń béèrè kí wọ́n tó fúnni. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nínú iṣẹ́ bàálù, àkísà yẹn gan-an ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní wákàtí àti ìṣẹ́jú.

Ká má parọ́, ohun tí mo gbé sọ́kàn láti Ìbàdàn ni kí n ní kó dúró. Mo ti to òwe mi jọ bí ẹni to iṣu. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ìyá rẹ̀ ti ń dàgbà, òun nìkan ló bí lọ́kùnrin. Gbogbo ọmọ ẹlòmíràn ti jápa tán. Kí tiwa dúró. Ọmọ náà jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán, ó sì ṣí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ìwé aláwọ dúdú kan tí etí rẹ̀ ti ká. Ó fi ìka tọ ojú ìlà títí dé èyí tó kẹ́yìn, ó gbé ìka sí ọjọ́ tó wà níbẹ̀.

"Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá rè é, Dádì Ìbàdàn. Bí ó bá pé àádọ́rùn-ún ọjọ́ tí mi ò gbéra kí n sì balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, òfin ò gbà mí láàyè láti gbé èrò. Ọwọ́ ń gbàgbé, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn gba òwe lẹ́nu mi. Nígbà tí Nigeria Airways wà, ọmọ tó bá jáde ní Zaria mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn. Ilẹ̀kùn yẹn tì ní 2003. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù ń fẹ́ ẹni tó ti mọ irú ọkọ̀ tí wọ́n ní, nítorí ọkọ̀ ńlá kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀kọ́ àti ìwé àṣẹ tirẹ̀, owó gọbọi sì ni wọ́n ń fi kọ́ ọ. Ta ni yóò wá máa náwó lórí ọmọ ọlọ́mọ? Nítorí náà ọmọ wà nílé, ó ń bá ìyá rẹ̀ wa mọ́tò lọ ọjà Bódìjà, òye tó kọ́ ń dípẹtà. Ẹni tó bá ní kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe sùúrù, kó tún sọ fún un iye ọjọ́ tí sùúrù náà yóò gbà.

Lẹ́tà Éṣíà kò gbà wá lákòókò. Ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyí, bí a bá yọ àwòrán kúrò: ọmọ yóò san owó, wọn yóò sì jẹ́ kó jókòó síwájú jẹ́ẹ̀tì fún wákàtí 500 gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di ọwọ́ Ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dárúkọ ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ lọ́nà Àkànrán. Mo bi í pé níbo ló ti rí lébìrà tó ń sanwó fún kọ́ńgílá kí wọ́n tó jẹ́ kó po sìmẹ́ńtì. Ẹ tún ro ti èrò tó jókòó sẹ́yìn, tó gbà pé àwọn méjì tó wà níwájú wà níbẹ̀ nítorí pé wọ́n mọṣẹ́. Kò mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn ra tíkẹ́ẹ̀tì tó wọ́n ju ti òun lọ. A ká lẹ́tà náà, a gbé e sábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀.

Ó wá ku Maun. Ọ̀rọ̀ Maun kò rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí ó dára díẹ̀, ó sì bani lẹ́rù díẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà àbàtà Okavango ni ìlú náà wà. Omi òjò tó rọ̀ ní Àǹgólà ló ń ṣàn wá síbẹ̀, tí ó ń tàn ká orí iyanrìn, tí ẹranko sì ń rọ́ tẹ̀ lé e. Àwọn arìnrìn-àjò ń wá wo ẹranko wọ̀nyí nínú àgọ́ tí mọ́tò kì í fi bẹ́ẹ̀ dé, bàálù kékeré bíi Cessna 206 ló ń gbé wọn. Àwọn awakọ̀ tí kò tíì ní ju 200 wákàtí lọ ń wá iṣẹ́ síbẹ̀ láti South Africa àti Yúróòpù, àwọn mìíràn a sì máa dúró lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kí wọ́n tó rí ẹni pè wọ́n. Orí iyanrìn ni wọ́n ń balẹ̀ sí. Nígbà mìíràn awakọ̀ a kọ́kọ́ fò kọjá nísàlẹ̀ láti lé ẹranko kúrò lójú pápá, kó tó yí padà wá balẹ̀. Ìlú náà fi ohun tó lé ní 900 mítà ga ju òkun lọ, oòrùn ibẹ̀ sì ń mú. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a máa fúyẹ́, ìyẹ́ bàálù kì í rí i gbá mú dáadáa. Ọkọ̀ tó gbéra wẹ́rẹ́ láàárọ̀ lè sáré títí lórí iyanrìn lọ́sàn-án kó má tíì fẹ́ kúrò nílẹ̀.

Ọmọ náà ń ṣàlàyé gbogbo èyí, ojú rẹ̀ ń dán. Ojú ìyá rẹ̀ ń ṣú.

Mo ní kó fi owó oṣù sílẹ̀ ná, kó jẹ́ ká sọ ti wákàtí, torí pé wákàtí ló ń wá lọ. Ní 12 oṣù Kejì 2009, ọkọ̀ kan já nítòsí Buffalo ní Amẹ́ríkà. Èèyàn 50 ló kú, ọ̀kan nínú wọn sì wà nínú ilé ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ṣòfin níbẹ̀ pé awakọ̀ kejì pàápàá gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ńlá, tí 1,500 wákàtí sì ni òṣùwọ̀n rẹ̀ fún ọ̀pọ̀lọpọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì tó wa ọkọ̀ náà ti kọjá 1,500 tipẹ́. Nígbà tí ọwọ́ ìdarí bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láti kìlọ̀ pé eré ọkọ̀ ti kéré jù, pé ìyẹ́ kò ní í lè gbé e mọ́, ó yẹ kí ọ̀gá awakọ̀ tì í síwájú. Ó fà á sẹ́yìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí ló wà lẹ́yìn ọwọ́ yẹn.

Ìdí tí Maun fi wù mí ju bí mo ṣe rò lọ nìyẹn. Ìrìn ibẹ̀ kì í pẹ́, ogún ìṣẹ́jú, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Wákàtí kan lè ní bíbalẹ̀ méjì mẹ́ta nínú, tí ọwọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ yóò ṣe é, tí ojú rẹ̀ yóò wo atẹ́gùn àti iyanrìn. Ẹlòmíràn á fò wákàtí mẹ́wàá nínú jẹ́ẹ̀tì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò balẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ẹnìkejì ló balẹ̀. Bákan náà ni wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé.

Aládùúgbò kan ti wọlé báyìí, ó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀, ó sì sọ òwe tí kò ju ẹnikẹ́ni lọ: ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe yẹn dára fún ọdẹ àti oníṣòwò. Fún awakọ̀ òfuurufú, mo kọ̀ ọ́. Ẹnu àáké ni iṣẹ́ tirẹ̀. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló gbọ́dọ̀ wò ó, kó fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ náà ló tilẹ̀ fi hàn wá. Ó gba ife tọ́ńbílà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó bu kẹrosíìnì díẹ̀ sí i, ó sì kán omi sínú rẹ̀ láti orí ìka. Omi náà rì sísàlẹ̀, ó ká jọ bí ẹyin ẹja. Ó ní ní gbogbo òwúrọ̀ awakọ̀ a máa fa epo díẹ̀ láti abẹ́ táńkì sínú ife kékeré, yóò gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀, yóò máa wá ẹ̀kán yìí. Epo àwọn ọkọ̀ kékeré a máa ní àwọ̀ búlúù, kó má baà ṣòro láti dá mọ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, yóò tún fa òmíràn, títí yóò fi mọ́.

"Ìwọ̀nba omi yìí?" ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ́ńjìnnì ò lè mu ún."

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Kò sí èrò tó máa rí ife yẹn. Ọ̀gá ò ní í sí níbẹ̀ ní aago márùn-ún ìdájí. Lẹ́yìn náà, awakọ̀ kan náà ni yóò ru ẹrù àwọn àlejò, tí yóò nu gíláàsì iwájú, tí yóò sì máa dá wọn lóhùn lórí ọ̀rọ̀ kìnnìún. Ọmọ tó bá rò pé iṣẹ́ òun bẹ̀rẹ̀ nígbà tí táyà bá kúrò nílẹ̀, kó má lọ. Bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ní oṣù Kejì 2023, àwọn ajìjàgbara mú awakọ̀ kan láti New Zealand nígbà tó balẹ̀ sí abúlé kan lórí òkè Papua ní Indonesia. Oṣù Kẹsàn-án 2024 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Botswana kì í ṣe Papua, mo mọ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ní tiwa kì í ṣe ìbọn, ọ̀gá ni. Ní 29 oṣù Kẹwàá 2006, ọkọ̀ kan gbéra ní Abuja nígbà tí ojú ọjọ́ kò dára, ó já. Sultan Sókótó, Muhammadu Maccido, wà lára àwọn tó kú. Bàálù wà, ìwé àṣẹ wà. Ohun tó wọ́n ni ẹni tí yóò sọ pé, "A ò lọ." Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, nílẹ̀ onílẹ̀, tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá, ṣé yóò lè là á lẹ́nu?

Nítorí náà mo ní kó má béèrè iye owó mọ́. Kó lọ béèrè ohun tí wọ́n ṣe fún ẹni tó kọ̀ láti fò kẹ́yìn níbẹ̀. Kó má sì bi ọ̀gá, torí ọ̀gá yóò dáhùn bí ọ̀gá. Ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹyẹ tó ti kúrò lórí igi náà lè sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi wá ẹnìkan tó ti ṣiṣẹ́ fún wọn rí. Ìyẹn ní nígbà òjò kan, òun ń padà sí Maun, òun rí ìjì níwájú, òun yí padà sí àgọ́ tí òun ti ń bọ̀, òun àti àlejò mẹ́ta sì sùn síbẹ̀. Inú àwọn àlejò ò dùn. Bàálù ńlá tí ì bá gbé wọn relé fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ọ̀gá pè é. Ó bi í ní nǹkan méjì: epo mélòó ló kù, ṣé ó sì so ọkọ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa ní òru.

Mo ní kí ọmọ náà tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ fún ìyá rẹ̀ bó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́." Ọjọ́ kejì ló lọ Dùgbẹ̀ lọ ra àpótí ńlá onítáyà. Ọmọ ní kó dá a padà. Báàgì aláṣọ rírọ̀ nìkan ló ń wọ abẹ́ bàálù yẹn, àti ti awakọ̀ àti ti àlejò.

Kí àwọn aláṣẹ Botswana tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, ó tún ṣe ìdánwò. Oṣù kẹta rèé tó ti lọ. Aago wọn fi wákàtí kan ṣáájú tiwa, nítorí náà ìyá rẹ̀ a jí ní aago mẹ́rin ìdájí, a pè é. Tẹ́lẹ̀, "Ṣé o ti jẹun?" ló máa ń kọ́kọ́ bi í. Mo sùn sílé rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti yàrá kejì nínú òkùnkùn: "Ṣé o ti wo omi?"